Abọ́ Mẹ́sàn-án Lẹ́nu Fírísà

Láti ọjọ́ tí Fọláránmi ti ra fọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́ àlùfáà ni àwọn èèyàn ti ń pe Níyìọlá ìyàwó rẹ̀ ní Màmá. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Níyìọlá. Àwọn obìnrin tó lè bí i lọ́mọ ń dúró lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní 22 Road, wọ́n ń tẹ orúnkún díẹ̀, wọ́n ń ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Màmá wa." Bí wọ́n bá ti kí i tán, wọ́n á ní kí ó bá àwọn yọ díẹ̀ kúrò lára owó ẹja títùs, nítorí ìyàwó ìránṣẹ́ Ọlọ́run kì í tajà bí ará ayé. Ẹni tí wọ́n bá sì ti pè ní Màmá kò lè pariwo. Kò lè sọ pé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹja yẹn sílẹ̀ bí ẹ ò bá ní í rà á. Ẹ̀rín ni yóò máa rín títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yóò fi máa dùn ún.

Ọjọ́ Jímọ̀ yìí ni fọ́ọ̀mù náà gbọ́dọ̀ padà sí ọ́fíìsì ìjọ wọn ní Amúwò, kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Fọláránmi ti kọ ojú ìwé mẹ́fà tán, pẹ̀lú lẹ́tà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ń kọ ìṣirò sójú pátákó fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ ní Satellite Town. Ojú ìwé keje ló kù. Ti ìyàwó ni. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé èmi báyìí, ìyàwó ẹni tí Olúwa pè, fi tìfẹ́tìfẹ́ gbà láti fi òwò tàbí iṣẹ́ yòówù tí mò ń ṣe sílẹ̀ kí ọkàn mi má baà pín, láti bá ọkọ mi gbé nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ fún ọdún méjì, kí n sì tẹ̀lé e lọ sí ibikíbi tí ìjọ bá rán wa. Ìlà kan wà lábẹ́ rẹ̀. Ó gùn tó ìka ọwọ́ kan.

Inú ilé ìdáná ni wọ́n ti jà láàárọ̀. Ìjà jẹ́ẹ́jẹ́ ni. Níyìọlá ṣí omi ẹ̀rọ sínú bàsíà kí ariwo rẹ̀ lè bo ohùn wọn, nítorí Màmá Jayéọlá, ìyá ọkọ rẹ̀, wà ní pálọ̀, etí ìyá náà sì ń gbọ́ ju ti ọmọdé lọ. Bí ìyá bá wà nítòsí, "ẹ" ni Níyìọlá fi ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bó bá ku àwọn méjèèjì, "o" ni.

Fọláránmi ti fa ìlà sẹ́yìn kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá, ó sì pín in sí méjì. Ní apá kan, ilé-ẹ̀kọ́ àlùfáà ti ìjọ wọn, lọ́nà Abẹ́òkúta. Bó bá lọ síbẹ̀, wọ́n á fi í jẹ àlùfáà, wọ́n á fún un ní ìjọ àti ilé, yóò sì dúró lórí pẹpẹ bí bàbá rẹ̀ ṣe dúró. Ní apá kejì, yunifásítì, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìsìn dé oyè másítà, ní Sátidé àti ìgbà ìsinmi nìkan. Yóò lè máa ṣe iṣẹ́ olùkọ́ rẹ̀ lọ, bó bá sì jáde, ó lè di àlùfáà ọsibítù tàbí ti ọgbà ẹ̀wọ̀n, ó lè máa kọ́ni. Ṣùgbọ́n ìjọ ti sọ ọ́ gbangba pé àwọn ò ní gbé pẹpẹ àwọn fún ẹni tí àwọn kò kọ́ fúnra àwọn. Fọláránmi ti fún ohun kọ̀ọ̀kan ní máàkì, ó sì ti ro ó pọ̀. Ọ̀kan gba mọ́kànlélọ́gọ́ta, ìkejì gba ọgọ́ta.

"Mo wá ara mi nínú ìlà tí o fà yìí," Níyìọlá wí, ó ń ro ògì. "Mi ò rí ara mi."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ fún ọ ní máàkì?"

"Òun náà ni mò ń wí."

Fọláránmi fara ti ògiri. Ó ní bí kò bá fẹ́, kí ó fi ojú ìwé náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, òun kò ní fi ipá mú un, òun kò tiẹ̀ ní bínú. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ká ní ó pariwo mọ́ ọn ni, Níyìọlá ìbá mọ ibi tí òun máa gbé ariwo tòun sí. Ká ní ọkùnrin tó kàn ń wá oyè ni, ọ̀rọ̀ náà ìbá tán kíákíá. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí iná bú gbàmù ní Abúlé Adó ní 2020 ni Fọláránmi ti ń lọ sí ọsibítù ní gbogbo Sátidé. Àwọn tó jóná ló kọ́kọ́ lọ ń wò, nígbà tí àwọn yẹn sì lọ tán, ó ń lọ wo àwọn mìíràn. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ níbẹ̀. Yóò bó ọsàn fún wọn, yóò ka lẹ́tà fún ẹni tí kò lè dì í mú, yóò jókòó. Níyìọlá ti tẹ̀lé e lọ rí. Ó ti rí bí ojú àwọn aláìsàn ṣe ń yí sí ẹnu ọ̀nà bí aago mẹ́wàá bá ti ń sún mọ́. Obìnrin tó bá rí irú ìyẹn kò lè sọ pé Ọlọ́run kò pe ọkọ òun.

"Bí mo bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ta ni wọ́n máa sọ pé ó dí ọ lọ́nà?" ó béèrè.

Ògì ti ń di kókó nínú ìkòkò. Fọláránmi na ọwọ́, ó gba igi ìrògì lọ́wọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ kókó náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń wá èsì ìṣirò. Àwọn méjèèjì dúró bẹ́ẹ̀, èjìká kan èjìká, títí Yíwọlá, ọmọ wọn ọlọ́dún mẹ́fà, fi wọlé tó ní omi ti kún bàsíà, ó ti ń dà sílẹ̀.

Nígbà tí baba àti ọmọ lọ sí ilé-ìwé, ilé dákẹ́. Màmá Jayéọlá ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí ní pálọ̀. Fọ́ọ̀mù náà wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀, ó ṣí sí ojú ìwé keje, ṣùgbọ́n kò wò ó. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ìyá yìí fi tẹ̀lé Àlùfáà Jayéọlá láti ìjọ kan sí òmíràn. Wọn kò tíì ṣe ogójì ọjọ́ ọkùnrin náà tán tí wọ́n fi ní kí ìyá kó kúrò nínú ilé ìjọ, kí àlùfáà tuntun lè rí àyè wọlé. Gbogbo ẹrù rẹ̀ kò kún ẹ̀yìn ọkọ̀ kan. Níyìọlá ló tò ó sí yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, ìyá náà kò sì tíì sọ ọ̀rọ̀ kan rí nípa bí ó ṣe dé ibẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ ò sọ nǹkan kan," Níyìọlá wí.

"Ẹ̀gúsí yìí ti gbẹ jù," ni ìyá wí. Ó fẹ́ èèpo kúrò lọ́wọ́.

Níyìọlá lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, fírísà ńlá kan, òṣùwọ̀n kan, tábìlì onípákó kan tí ó fi ń gé ẹja, àti òòlù kékeré tó fi ń la ẹja tó bá dì pọ̀. Iná ti dé mọ́jú, inú rẹ̀ sì dùn pé ẹja dì dáadáa. Ó ta ṣàwà fún ìyá ẹlẹ́kọ, ó ta orí pánlá fún bàbá kan tó ní ológbò. Òun àti Ìyá Ramlah, ará Ìsẹ́yìn tó ń ta mílíìkì àti ṣúgà ní ṣọ́ọ̀bù tó fara kan tirẹ̀, jọ rẹ́rìn-ín sí ológbò tó ń jẹ ju olówó rẹ̀ lọ.

Aago mọ́kànlá kò tíì lù nígbà tí àwọn obìnrin ìjọ dé.

Orin ni Níyìọlá kọ́kọ́ gbọ́. Wọ́n yọ láti ìgun títì, mẹ́sàn-án, Ìyá Ìgbẹ́kẹ̀lé tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ obìnrin ló ṣíwájú. Ìborùn aláwọ̀ búlúù wà léjìká wọn, olúkúlùkù sì gbé abọ́ dání. Abọ́ oníke wà, abọ́ tánganran wà, ẹnì kan tiẹ̀ gbé ìkòkò ìsebẹ̀ tòun tìdérí. Níyìọlá rò pé wọ́n ń lọ sí ilé ìkómọ. Ìgbà tí wọ́n tò yí fírísà rẹ̀ ká ni ó mọ̀ pé ọ̀dọ̀ òun ni wọ́n ń bọ̀.

Nínú ìjọ wọn, bí ìyàwó bá fẹ́ tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ lọ sẹ́nu iṣẹ́ Olúwa, a máa pín ohun tó kù nínú ọjà rẹ̀ fún àwọn obìnrin ìjọ, kí ọwọ́ rẹ̀ lè mọ́ kúrò nínú òwò. Ọjọ́ Ìjọ̀wọ́ ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó ń ta aṣọ á pín aṣọ, ẹni tó ń ta gaàrí á pín gaàrí. Níyìọlá náà ti gba ìgò epo méjì rí lọ́jọ́ Ìjọ̀wọ́ ẹlòmíràn, ó kọrin, ó jó, ó sì fi epo náà se ọbẹ̀. Kò bi ara rẹ̀ léèrè lọ́jọ́ náà bí oorun ṣe rí lójú obìnrin yẹn lálẹ́.

"Ẹ̀yin Màmá," Níyìọlá wí, "mi ò tíì bọwọ́ lu nǹkan kan o."

Ìyá Ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ́rìn-ín. Èèyàn dáadáa ni, òun ló wẹ Yíwọlá nígbà tí wọ́n bí i. Ó ṣàlàyé fún Níyìọlá bí ẹni tó ń ṣàlàyé fún ọmọ pé lọ́jọ́rú, níbi àdúrà ìdájí, Màmá Jayéọlá fúnra rẹ̀ ló gbé ọ̀rọ̀ náà wá, pé kí àwọn bá òun gbàdúrà kí ọwọ́ ìyàwó òun lè tú kúrò nínú òwò. Àwọn sì ti gbàdúrà, àwọn ti gbà á. Ohun tí a bá ti gbà kò sí lọ́nà mọ́, ó ti dé. Kí ló wá kù bí kò ṣe ọpẹ́? Bí àwọn bá jókòó sílé tí àwọn ń retí kí ó bọwọ́ lùwé kí àwọn tó wá, àìgbàgbọ́ nìyẹn.

Ó ṣí fírísà.

Abọ́ àkọ́kọ́ gba títùs mẹ́rin. Abọ́ kejì gba kótè. Wọ́n ń kọrin, ẹja tó dì ń dún gbàǹgbà gbàǹgbà nínú abọ́. Níyìọlá dúró, òòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá sọ pé ẹ fi sílẹ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ ló sọ di òpùrọ́ lójú ìjọ. Bó bá sì dákẹ́, ó ti bọwọ́ lu ojú ìwé keje láìmú bírò.

Ìyá Ramlah jáde sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Ẹ̀yin ìyá, ṣé sàráà ni?" ó béèrè. "Ẹ jẹ́ kí n lọ gbé abọ́ tèmi náà wá. Ẹ mọ̀ pé Jímọ̀ la wà."

Ẹnì kan dá a lóhùn láìwò ó pé ọ̀rọ̀ inú ìjọ ni, pé ti ọmọ ìjọ ni.

"Háà, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé ẹja náà ti ṣe ìrìbọmi."

Ẹnì kan nínú wọn fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fi ìborùn bo ẹnu. Ìyá Ramlah wo Níyìọlá lójú, ẹ̀fẹ̀ sì kúrò lójú òun náà. Ó yí padà, ó gba inú ilé lọ, Níyìọlá sì gbọ́ tó ń kan ilẹ̀kùn pálọ̀ àwọn.

Abọ́ karùn-ún ni wọ́n wà tí Màmá Jayéọlá fi jáde wá. Èèpo ẹ̀gúsí ṣì wà lára ìró rẹ̀. Àwọn obìnrin náà yẹ̀ fún un, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní Màmá Àlùfáà, ẹ bọ́ sí i lákòókò, ẹ wá gbàdúrà sí i. Ìyá náà rìn dé ẹnu fírísà. Ó yọjú wo inú rẹ̀ pẹ́ títí, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ sí i lójú. Lẹ́yìn náà ó gbá ìdérí rẹ̀ dé. Ó yí ẹ̀yìn sí i, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ara rẹ̀ sókè, ó sì jókòó lé e. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀.

Orin dá.

"Màmá," Ìyá Ìgbẹ́kẹ̀lé wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ẹ̀yin náà lẹ gbé e wá síwájú Olúwa lọ́jọ́rú."

"Èmi ni."

"A sì ti gbàdúrà sí i."

"Ẹ ṣeun."

"Ṣé kí á wá dá àdúrà padà ni?"

"Ẹ fi àdúrà sílẹ̀," Màmá Jayéọlá wí. "Ẹja ni kí ẹ dá padà."

Ọkùnrin kan tó ń kọjá lórí kẹ̀kẹ́ dẹ ẹsẹ̀, ó wo ìyá arúgbó tó jókòó sórí fírísà àti àwọn obìnrin tó yí i ká, ó tún bá tirẹ̀ lọ. Ìyá náà kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó kàn ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí itan. Nígbà tó pẹ́, obìnrin tó ni abọ́ kẹta da ẹja rẹ̀ sínú bàsíà Níyìọlá, ìkejì tẹ̀lé e. Kò sí ààyè láti kó wọn padà sínú fírísà, nítorí ìyá kò sọ̀kalẹ̀. Wọ́n ń da ẹja, wọn kò wo ojú ara wọn.

"Ìyá oníkòkò," Ìyá Ramlah wí láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀, "kótè méjì ṣì wà lábẹ́ ìdérí yẹn."

Ìyá Ìgbẹ́kẹ̀lé ló kẹ́yìn. Ó dúró níwájú Níyìọlá bí ẹni tó fẹ́ tọrọ àforíjì tó sì tún fẹ́ kí wọ́n tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ òun. Ó tún ìborùn rẹ̀ so, ó ní ó di ọjọ́ ìsinmi, ó sì lọ.

Nígbà tó ku àwọn méjì, Màmá Jayéọlá kò tíì sọ̀kalẹ̀.

"Maṣín-ìn ìránṣọ ni tèmi lọ́jọ́ Ìjọ̀wọ́," ó wí. "Ọmọ akọ̀wé ìjọ ló gbé e. Èmi fúnra mi ni mo fi orin sìn ín dé títì. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà o, Níyì. Mi ò ní parọ́ fún ọ. Inú mi dùn."

Níyìọlá ń retí ìyókù. Ìyókù kò wá.

"Kí ló wá dé tí ẹ fi gbé tèmi lọ síbi àdúrà?"

"Mo fẹ́ kí ọmọ mi dúró níbi tí bàbá rẹ̀ dúró sí." Ìyá nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí ìró. "Mo ṣì fẹ́ ẹ títí di ìsinsìnyí. Wá gbé mi sọ̀kalẹ̀, ìdí mi ti tutù."

Níyìọlá fi ọwọ́ sí i lábẹ́ apá, ó gbé e. Kò mọ̀ pé ó ti fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀ tán, kò sì tètè fi í sílẹ̀.

Ẹja inú bàsíà ti ń yọ́. Kò ṣeé tà fún ẹni tó fẹ́ ẹja líle mọ́, dídín ni yóò dára fún. Àwọn méjèèjì fọ̀ ọ́, wọ́n fi iyọ̀ àti ata pa á, wọ́n gbé epo kaná. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé kan.

Aago méjì kọjá díẹ̀ nígbà tí Fọláránmi wọlé. Ọ̀rọ̀ náà ti pàdé rẹ̀ lọ́nà, ó sì ti wú bí búrẹ́dì kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹnì kan ní ìyàwó rẹ̀ yọ òòlù sí àwọn ìyá ìjọ. Òmíràn ní ìyá rẹ̀ ṣépè. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, báàgì ṣì wà léjìká rẹ̀.

"Wọ́n ní o yọ òòlù."

"Ó wà lọ́wọ́ mi ni. Mi ò yọ ọ́ sí ẹnikẹ́ni."

"Nínú ìjọ tí bàbá mi sìn títí ó fi kú, Níyì."

"Bi Mọ́mì."

Màmá Jayéọlá ń yí ẹja nínú epo. Ó kọ ẹ̀yìn sí àwọn méjèèjì. Fọláránmi wo ẹ̀yìn náà, ó wo bàsíà ẹja. Níyìọlá nu ọwọ́, ó lọ mú fọ́ọ̀mù wá láti pálọ̀. Ó ti kọ orúkọ ara rẹ̀ sí àyè orúkọ. Ó kọ ọ́ nígbà tí ìyá lọ pọnmi, ṣùgbọ́n nígbà tó dé orí ìlà tó kẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀.

"Sọ fún mi kí n bọwọ́ lù ú," ó wí. "Màá bọwọ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ ni kí ó ti jáde. Má sọ fún mi pé ó kù sọ́wọ́ mi."

Ó gbàgbé láti fi "ẹ" sí i níwájú ìyá. Kò sẹ́ni tó bá a wí.

Fọláránmi gba ìwé náà. Bírò wà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Aago ògiri ń dún. "Mọ́mì," ó wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ sì dà bí ti Yíwọlá, "kí ni kí n ṣe?"

Ìyá fi fọ́ọ̀kì gún ẹja kan, ó yí i. "Èyí ti jinná ní ẹ̀gbẹ́ kan," ó wí.

Fọláránmi gba bírò, ó tẹ ìwé náà mọ́ ògiri, ó sì fi lẹ́tà tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ sórí ìlà náà títí dé ẹ̀gbẹ́ ìwé. Níyìọlá kà á láti ẹ̀yìn èjìká rẹ̀: *Ìyàwó mi ń ta ẹja. Kò ní fi í sílẹ̀. Mo bẹ̀ yín kí ẹ gbà mí bẹ́ẹ̀.*

"Wọn ò ní gbà á," Níyìọlá wí.

"Mo mọ̀. Jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ sí mi létí."

Ó jáde láìjẹun. Níyìọlá padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ń wọn ẹja, ó ń ṣì í wọn. Aago mẹ́ta lù. Àwọn tó lọ kírun Jímọ̀ ti dé tipẹ́, ọkọ Ìyá Ramlah ti bọ́ agbádá rẹ̀. Níyìọlá ń ronú nípa gbogbo ohun tí yóò sọ bí wọ́n bá gbà á, kò sì rí ọ̀kan tí yóò sọ bí wọn kò bá gbà á. Aago mẹ́rin lù, ó gbọ́ ọ láti pálọ̀. Aago márùn-ún kọjá kí ó tó rí i tó ń bọ̀, ó ń rìn ní ẹ̀gbẹ́ títì, fáìlì wà lábẹ́ apá rẹ̀.

Ó jókòó sórí páálí ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní Bọ̀dá Ernest, akọ̀wé ìjọ, ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, kò sì bínú rárá. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó yọ ojú ìwé keje mìíràn tí kò ní ìdọ̀tí, ó fún òun, ó ní kí òun jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí òun lọ bọwọ́ lù ú fúnra òun.

"Ó ní bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń ṣe é. Ó ní kò sẹ́ni tó ń wò ó."

Níyìọlá gbé ẹja tó wà lórí òṣùwọ̀n sílẹ̀.

"Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà," Fọláránmi wí. "Bírò wà lọ́wọ́ mi. Mo mọ bí o ṣe ń kọ orúkọ rẹ, bí o ṣe ń fa ìrù N yẹn lọ sókè. Mo lè kọ ọ́ bíi tìrẹ. Mo jókòó títí aago fi lu mẹ́rin tí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn."

Níyìọlá ti rò láti àárọ̀ pé bó bá rí báyìí, inú òun yóò dùn. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó sì rí i pé pẹpẹ kan ti lọ níbẹ̀ tí kò ní í padà wá mọ́. Ó fi ọwọ́ tó ń rùn fún ẹja di orí rẹ̀ mú, ó gbé e lé àyà rẹ̀ ní gbangba títì, àwọn tó ń kọjá sì ń wò wọ́n. Èjìká ọkùnrin náà ń mì. Ìyá Ramlah rí wọn, ó wọlé, ó sì fa aṣọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ bò.

Isu sísè àti ẹja díndín ni wọ́n jẹ. Fọláránmi wo ìyá rẹ̀ láti òdì kejì tábìlì.

"Mọ́mì, ẹ má bínú."

Màmá Jayéọlá mú orí ẹja tó tóbi jù lọ nínú àwo, èyí tí baba ilé máa ń jẹ, ó gbé e sínú àwo ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ egun fún Yíwọlá, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí egun náà, kò sì dá ọwọ́ dúró.

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí wọ́n kó àwo kúrò. Fọláránmi gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì, ó ṣí fọ́ọ̀mù yunifásítì. Orúkọ, ọjọ́ ìbí, ilé-ìwé tó ti lọ, gbogbo rẹ̀ ló kọ kíákíá. Wọ́n ní kí ó sọ ohun tó fẹ́ fi ẹ̀kọ́ náà ṣe, ó kọ pé òun fẹ́ jókòó ti àwọn aláìsàn, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ bẹ́ẹ̀ náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó dúró.

"Wọ́n ń béèrè ẹni tó máa rán mi ní ilé-ìwé," ó wí. "Ta ni kí n kọ? Àbí kí n kọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kánádà?"

Níyìọlá nu ọwọ́ rẹ̀ lára ìró. Ó fa kọ̀ǹpútà náà sọ́dọ̀, ó sì fi ìka kan ṣoṣo tẹ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì. Lábẹ́ rẹ̀ wọ́n béèrè iṣẹ́ ẹni náà. Fọláránmi ní ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ oníṣòwò síbẹ̀. Níyìọlá kò gbọ́ tirẹ̀. Ó tẹ ẹ́ síbẹ̀ pé: ẹja yìnyín.

Ìlà kan ṣì kù, níbi tí wọ́n ti béèrè pé kí ni ẹni náà jẹ́ sí ẹni tó ń kọ fọ́ọ̀mù. Èyí ni Fọláránmi kò jẹ́ kí ó kọ. Ó gba kọ̀ǹpútà náà padà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, ó sì kọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé: ìyàwó mi.